Èémí Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Tán? Bí Ẹ Ṣe Lè Ka Eré Ìje àti Ìjà Ko Nínú Go

Ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń ta Go, ayò orí ọpọ́n tí ẹni méjì ń fi ọmọ dúdú àti funfun ta, ní Ìjẹ̀bú-Òde, Àgọ́-Ìwòyè àti Ṣágámù: “Ẹ̀gbọ́n, èémí mi pọ̀ ju tiẹ̀ lọ, báwo ló ṣe wá jẹ mí?” Ẹlòmíràn á ní òun ló kọ́kọ́ gba ko (ibi tí ẹni méjì ti lè máa jẹ ọmọ kan padà lọ́wọ́ ara wọn), síbẹ̀ òun náà ló pàdánù rẹ̀. Orísun wàhálà méjèèjì kan náà ni. Ẹ ti ka èémí tí kì í ṣe tiyín mọ́ tiyín, tàbí kẹ̀, ẹ ti ta ọwọ́ tó yẹ kó kẹ́yìn ṣáájú.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ta Go, tó mọ ojú méjì (àyè òfìfo tí ọmọ ẹni yí ká) tí ọ̀wọ́, ìyẹn ọmọ tó so pọ̀, fi ń yè, ṣùgbọ́n tí orí rẹ̀ ń dàrú tí ìṣòro bá le.

## Ohun tí ẹ máa lò

- Ọpọ́n 19×19, tó ní oríta (ibi tí ìlà ti pàdé) 361. Ọpọ́n 13×13 náà tó fún ìdánrawò.
- Ọmọ dúdú 181 àti funfun 180 ni àpò kíkún. Fún ìṣòro kan ṣoṣo, 50 dúdú àti 50 funfun ti tó.
- Ìwé àti bírò. Ẹ má fojú di èyí.

Bí ẹ kò bá rí ọpọ́n rà, káfíńtà lè fa ìlà sórí pákó plywood. Ìdérí ìgò mínírà táwọn ọlọ́dráfù ń lò á ṣe ọmọ: ẹ da ti ẹnì kan dojú délẹ̀, ẹ ṣí inú ti ẹnìkejì sókè. Ìdérí kan fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ díẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí àlàfo ìlà sí ìlà jẹ́ 3.5. Ìlà 13 á gba sẹ̀ǹtímítà 42, ẹ fi bíi 2 kún un ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tí àlàfo bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdérí á máa gun ara wọn, ẹ ò sì ní mọ èyí tó ṣófo mọ́.

Ọ̀rọ̀ tí a máa lò:

- Èémí: oríta tó ṣófo tó kan ọ̀wọ́ ọmọ.
- Èémí ìta: èyí tó kan ọ̀wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, tí kò sí nínú ojú rẹ̀.
- Èémí àárín: èyí tó kan ọ̀wọ́ méjèèjì tó ń bára wọn jà.
- Ọwọ́: títa ẹ̀ẹ̀kan.
- Ẹnu ikú: ibi tí ọ̀wọ́ wà nígbà tó bá ku èémí kan ṣoṣo.
- Seki: ọ̀wọ́ méjèèjì yè pọ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ló máa kú.
- Ìhalẹ̀: ọwọ́ tí ẹ ta síbòmíràn tí alátakò gbọ́dọ̀ dáhùn, kí ẹ lè gba ko padà.

## Kíka èémí, ní sísẹ̀ntẹ̀lé

1. Ẹ wá ọ̀wọ́ méjì tó ń sá eré náà gan-an. Ìṣòro tó le máa ń kó ọmọ púpọ̀ síwájú yín kí ojú yín lè ṣì lọ. Ọ̀wọ́ tí ẹ ń wá kò ní ojú méjì, kò rí ọ̀nà sá jáde, kò sì lè yè láìjẹ́ pé ó jẹ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí ọ̀kan bá lè so mọ́ ara ilé, kò sí eré ìje níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yẹ èyí wò dáadáa, torí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ka èémí tán kí wọ́n tó rí i pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀.
2. Ẹ ka èémí ìta ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.
3. Ẹ ka èémí àárín lọ́tọ̀. Ẹ má tíì fi kún ti ẹnikẹ́ni.
4. Ẹ ka èémí inú ojú, bí ojú bá wà. Iye rẹ̀ wà nísàlẹ̀.
5. Ẹ wá èémí tó gba ìmúrasílẹ̀. Oríta kan lè wà tí ẹ fẹ́ dí, ṣùgbọ́n tí ọmọ tí ẹ bá fi síbẹ̀ á bọ́ sẹ́nu ikú lójú ẹsẹ̀, tí alátakò á sì jẹ ẹ́. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọmọ mìíràn tì í lẹ́yìn. Oríta bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èémí 1 fún ẹni tó ni ín, 2 ni. Ó máa ń pọ̀ ní etí ọpọ́n àti ní igun.
6. Ẹ wá ọgbọ́n tó ń dín èémí kù. Nígbà míràn, ẹ lè ju ọmọ kan sẹ́nu alátakò kó jẹ ẹ́, kí ọmọ tó fi jẹ ẹ́ sì di èémí òun fúnra rẹ̀ pa. Ẹ wò ó pẹ̀lú bóyá òun náà lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo fa èémí méjì tàbí mẹ́ta sí i.
7. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ọwọ́ kàn. Nọ́ńbà kan náà lè túmọ̀ sí ikú tàbí seki nítorí èyí nìkan.

## Ojú ńlá: èémí rẹ̀ ju oríta inú rẹ̀ lọ

Ẹni tó fẹ́ pa ojú ńlá gbọ́dọ̀ máa fi ọmọ kún inú rẹ̀, kí wọ́n jẹ ẹ́, kó tún wọlé. Ìdí nìyẹn tí iye fi ń fò sókè:

- oríta 1: èémí 1
- oríta 2: èémí 2
- oríta 3: èémí 3
- oríta 4: èémí 5
- oríta 5: èémí 8
- oríta 6: èémí 12

Bí ọmọ alátakò bá ti wà nínú ojú náà, ẹ yọ iye wọn kúrò. Ojú oríta 5 tí ọmọ 2 ti wọ̀ ṣẹ́ku èémí 6. Ẹ há nọ́ńbà wọ̀nyí sórí, kò sí ẹni tó ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí aago bá ń lọ.

## Ta ló ni èémí àárín?

Ibí yìí ni òpè àti ọ̀ta ti ń yà síra.

Bí ẹnikẹ́ni kò bá ní ojú. Tí èémí àárín bá jẹ́ 0 tàbí 1, ẹ kàn fi èémí ìta wéra. Bó bá dọ́gba, ẹni tí ọwọ́ kàn ló jẹ. Láti 2 lọ sókè, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹni tí èémí ìta rẹ̀ pọ̀ jù nìkan ló lè lá àlá pípa. Ẹnìkejì kò lè retí ju seki lọ. Kí ẹni tó ń lé tó lè pa, èémí ìta rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó èémí ìta ẹnìkejì pẹ̀lú gbogbo èémí àárín, kí a yọ 1 bí òun ni ọwọ́ kàn. Bí ọwọ́ bá kan ẹnìkejì, kò sí yíyọ kankan.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣe. Dúdú ní èémí ìta 4, Funfun ní 2, èémí àárín jẹ́ 3.

- *Ọwọ́ kan Dúdú.* Ó nílò 2+3−1, ìyẹn 4. Ó ní 4. Ó dí èémí ìta Funfun méjèèjì, ó dí àárín méjì. Funfun náà ti dí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti Dúdú. Àárín kan ló kù, ọwọ́ sì kan Dúdú: ó jẹ Funfun.
- *Ọwọ́ kan Funfun.* Dúdú nílò 5, 4 ló ní. Nígbà tí Funfun bá dí ìkẹrin, àárín méjì ló kù fún àwọn méjèèjì, Dúdú kò sì gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Seki.

Tí ìṣirò bá ti sọ pé seki ni, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀, ẹ lọ ta síbòmíràn. Ẹni tó ń dí èémí lọ nínú ohun tí kò ní yí padà ń ta ìhalẹ̀ ko tirẹ̀ dànù.

Bí ẹnì kan bá ní ojú, tí ẹnìkejì kò ní. Gbogbo èémí àárín di ti olójú. Aláìlójú, èémí ìta rẹ̀ nìkan la ó kà fún un. Ẹ wo èyí: Funfun kò ní ojú, ó ní èémí ìta 4. Dúdú ní ojú oríta 1 àti èémí ìta 1. Àárín jẹ́ 3. Ẹni tó bá kà á lóréfèé á ní Funfun ní 7, Dúdú ní 5. Irọ́ ni. Dúdú ní 1+1+3, ìyẹn 5. Funfun ní 4. Kódà bí Funfun bá kọ́kọ́ ta, òun ló máa kú, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló máa dí àárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ọwọ́ rẹ̀ tó dé inú ojú. Ìdáhùn sí ìbéèrè “èémí mi pọ̀ ju tiẹ̀ lọ” ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń jẹ́ èyí.

Bí àwọn méjèèjì bá ní ojú. Ojú oríta 1 sí 3, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n. Bí ojú méjèèjì bá wà ní ẹgbẹ́ kan, tí àárín bá sì wà, ì báà jẹ́ 1 péré, seki ló sábà máa ń já sí. Ẹni tó fẹ́ pa kò ní ka àárín fún ara rẹ̀ rárá, ẹnìkejì ló máa kà á. Ṣùgbọ́n ojú oríta 4 jẹ́ ọ̀gá fún ojú kékeré, 5 jẹ́ ọ̀gá fún 4: olójú ńlá ló gba gbogbo àárín, bí ẹni pé ẹnìkejì kò ní ojú. Bí kò bá sí àárín, ẹ kàn ka àpapọ̀.

## Ko nínú eré ìje: òun ni kó kẹ́yìn

```
.  ●  ○  .
●  ○  .  ○
.  ●  ○  .
```

Funfun ló di ko yìí mú. Bí Dúdú bá ta sí oríta tó ṣófo láàárín ọmọ funfun, ó jẹ ọmọ kan, Funfun kò sì gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ padà lójú ẹsẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ta ọwọ́ kan síbòmíràn ná. Ohun tí ẹ máa fi sọ́kàn ni pé ẹni tó bá di ko mú ní èémí 1 lé sí i, ẹnìkejì kò ní nǹkan kan níbẹ̀.

Ká ní ko yìí wà láàárín ọ̀wọ́ méjì tó ń sáré. Èémí ìta Dúdú 2, ti Funfun 2, Funfun ló di ko mú, ọwọ́ kan Dúdú. Kí ni kó ta?

*Bó bá kọ́kọ́ gba ko:*
1. Dúdú gba ko. Ó ní 3, Funfun ní 2.
2. Funfun dí ìta kan. Dúdú ku 2.
3. Dúdú dí ìta kan. Funfun wà lẹ́nu ikú.
4. Funfun gba ko padà, ó sì lẹ́tọ̀ọ́, nítorí ọwọ́ ti lọ síbòmíràn. Dúdú ló wá wà lẹ́nu ikú báyìí. Dúdú ló máa kọ́kọ́ wá ìhalẹ̀.

*Bó bá kọ́kọ́ dí ìta:*
1. Dúdú dí ìta kan. Funfun ku ìta 1 àti ti ko.
2. Funfun dí ìta kan. Dúdú ku 1, ó wà lẹ́nu ikú.
3. Dúdú gba ko. Funfun bọ́ sẹ́nu ikú. Funfun ló máa kọ́kọ́ wá ìhalẹ̀.

Ọmọ kan náà ni, ọpọ́n kan náà ni, ètò ọwọ́ nìkan ló yàtọ̀. Ẹ to ìṣòro yìí sórí ọpọ́n, kí ẹ sì ta á ní ọ̀nà méjèèjì títí ọwọ́ yín á fi mọ̀ ọ́n. Ètò tó yẹ ni: èémí ìta, lẹ́yìn náà àárín, ko ló kẹ́yìn.

## Kíka ìhalẹ̀

Ìhalẹ̀ ni ọwọ́ tí alátakò kò gbọ́dọ̀ dá kọjá. Kí ẹ tó wọ ìjà ko, ẹ ṣe èyí:

1. Ẹ díwọ̀n ko náà. Ní kíka ti Japan, ọmọ kan tí a jẹ tó ojú-àmì 2: ọmọ náà fúnra rẹ̀, àti àyè tó fi sílẹ̀. Bí ọ̀wọ́ Dúdú bá jẹ́ ọmọ 6, tí ti Funfun jẹ́ 5, ìyàtọ̀ láàárín kí Dúdú borí àti kí Funfun borí jẹ́ 12+10, ìyẹn 22, láìka àyè tó wà láyìíká wọn.
2. Ẹ díwọ̀n ìhalẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí ni ẹni tó halẹ̀ máa rí gbà bó bá ta ọwọ́ méjì léra níbẹ̀? Bí kò bá tó 22, ẹ má dáhùn. Ẹ parí ko. Ẹni tó bá dá owó táṣẹ́rẹ́ fún alóbì ní Ṣágámù, alóbì ò ní gbójú sókè wò ó.
3. Ẹ ka ìhalẹ̀ yín àti tiẹ̀. Bí ẹ̀yin lẹ bá kọ́kọ́ gba ko, tiyín kàn gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú tiẹ̀. Bí òun ló kọ́kọ́ gbà á, tiyín gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan ju tiẹ̀ lọ. Ẹ rí i pé fífi ko kẹ́yìn nínú ètò òkè yẹn tó ìhalẹ̀ kan.
4. Ẹ wá ìhalẹ̀ inú ilé. Ìwọ̀nyí ni èyí tó wà lára ọ̀wọ́ tó ń jà fúnra rẹ̀: ọwọ́ tó fẹ́ fi ojú kejì kún un, tàbí tó fẹ́ so ó mọ́ ìta. Alátakò kò lè kọ̀ ọ́, torí tí ọ̀wọ́ bá yè tán, ko náà ti di asán.
5. Ẹ wo ohun tí ìhalẹ̀ ń náni. Ìhalẹ̀ tó ń ba ilé yín jẹ́, tàbí tó ń dí èémí ọ̀wọ́ yín mìíràn, ẹ fi í sẹ́yìn. Lo èyí tí kò náni ní nǹkan kan ṣáájú, àfi bí alátakò bá lè fi ọwọ́ kan pa ìhalẹ̀ ńlá yín run; nígbà náà, ẹ sáré lo ìyẹn.

Ẹni tó bá pàdánù ko tó ṣe tààrà (èyí tí ọwọ́ kan ṣoṣo lè parí) á gba ọwọ́ méjì léra níbòmíràn. Nítorí náà, ẹ lè fínnúfíndọ̀ pàdánù ko, kí ẹ sì jàre eré. Ẹ fi ohun tí ọwọ́ méjì yẹn kó wálé wé ohun tó lọ.

## Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- Dídí èémí àárín ṣáájú ìta. Ara ẹni lẹ ń fún lọ́rùn.
- Dídáhùn gbogbo ìhalẹ̀. Nínú ìjà ojú-àmì 22, ìhalẹ̀ ojú-àmì 8 kì í ṣe ìhalẹ̀.
- Lílo ìhalẹ̀ ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Fífi ọmọ ẹnu ikú dẹ́rù ba alátakò nítorí pé ó dùn mọ́ni ń sun ohun tí ẹ máa nílò lọ́la níná.
- Gbígbàgbé láti pa ìhalẹ̀ alátakò. Bí ko bá lè dúró, ẹ kọ́kọ́ lọ dí orísun ìhalẹ̀ rẹ̀ tó tóbi jù.
- Pípe gbogbo ko ní ko tààrà. Bí Funfun bá ṣì ní èémí ìta 2 ju ohun tó yẹ lọ, Dúdú gbọ́dọ̀ dá ìhalẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹta kó tó jẹ Funfun: dí, dí, jẹ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Funfun nílò. Ko bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ká Funfun lára púpọ̀. Dúdú lè fi í sílẹ̀ ná, kó dúró de ìhalẹ̀ tó bá ṣẹ́ yọ.

## Kí ẹ tó fọwọ́ kan ọmọ

- [ ] Ọ̀wọ́ méjèèjì kò lè sá, wọn kò sì lè ní ojú méjì?
- [ ] Ìta, àárín àti inú ojú wà lórí ìwé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀?
- [ ] Èémí tó gba ìmúrasílẹ̀ ti di 2?
- [ ] Mo mọ ẹni tó ni àárín?
- [ ] Ta ló máa kọ́kọ́ wá ìhalẹ̀ bí mo bá ta báyìí? Ǹjẹ́ mo lè yí i padà?

## Ọ̀nà mìíràn: kọ̀ǹpútà

KataGo jẹ́ ètò ọ̀fẹ́, ó sì lágbára ju ẹ̀dá èèyàn lọ. Ẹ kọ ìṣirò yín sílẹ̀ kí ẹ tó ṣí i, torí ó máa fi ọwọ́ tó dára hàn yín láìsọ ìdí rẹ̀. Ẹ má sì gbà á gbọ́ lójú dídì nínú eré ìje tó gùn. Ní 2023, Kellin Pelrine, ọmọ Amẹ́ríkà tí kì í ṣe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, na ètò kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ nínú eré 14 lára 15: ó jẹ́ kó fi ọ̀wọ́ ńlá yí ọ̀wọ́ kékeré po, ó rọra yí ọ̀wọ́ ńlá náà ká, kọ̀ǹpútà kò sì mọ̀ pé ọ̀wọ́ òun ń kú lọ.

## Àwọn ko tó ń rúni lójú

Ko méjì lára ọ̀wọ́ kan. Bí alátakò bá gba ọ̀kan, ẹ gba èkejì. Kò sí ìhalẹ̀ tó lè ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra bí ko mìíràn bá tún bẹ́ sílẹ̀ níbòmíràn: ko méjì yìí á di orísun ìhalẹ̀ tí kò lópin fún alátakò.

Mẹ́rin tó tẹ̀ ní igun, ìyẹn ọ̀wọ́ tí alátakò lè fi ọmọ mẹ́rin tó tẹ̀ ní igun ọpọ́n pa. Ní òfin Japan, òkú ni, kò sídìí láti ta á. Ní òfin China, wọ́n gbọ́dọ̀ ta á jáde, nítorí náà ẹni tó fẹ́ pa á máa kọ́kọ́ pa gbogbo ìhalẹ̀ tó kù lórí ọpọ́n run kó tó wọlé.

Ko mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, tí gbígbà wọn ń yí po láìlópin. Òfin Japan ní eré náà kò ní èsì bí ẹnikẹ́ni kò bá fẹ́ yẹ̀, wọ́n á tún un ta. Àwọn òfin mìíràn kọ̀ kí ọpọ́n padà sí bó ti wà tẹ́lẹ̀ rárá, nítorí náà ẹnì kan gbọ́dọ̀ yí ọwọ́ padà. Ẹ fẹnu kò lórí èyí tí ẹ ń lò kí ẹ tó gbé ọmọ àkọ́kọ́ sórí ọpọ́n, pàápàá bí owó mínírà bá wà nídìí rẹ̀.